Káàdì Tí Kò Jọ Curtis

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé eré ọmọdé ni àwọn àgbà ìlú Merrill ń ṣe nínú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Lútérì, ẹ bá mi sọ fún un pé kó panu mọ́. Kó kọ́kọ́ wá jókòó tì wọ́n nínú oṣù Mááṣì, nígbà tí yìnyín ṣì ga dé ojú fèrèsé, tí kọfí ń hó nínú ilé ìdáná, tí àwọn èèyàn tó ti ní ọmọ-ọmọ ń da dáìsì mẹ́ta sórí tábìlì, tí wọ́n ń kígbe bí ẹni pé inú pápá béésíbọ́ọ̀lù gan-an ni wọ́n wà. Eré ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí àgbàlagbà tó sunkún nídìí rẹ̀, mi ò sì fi í rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe rí nìyí. Agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Ara káàdì yẹn ni wọ́n kọ ohun tí yóò ṣe sí, bí dáìsì bá ṣe balẹ̀: bóyá igi rẹ̀ á gbá afẹ́fẹ́ lásán, bóyá wọ́n á ju bọ́ọ̀lù burúkú sí i jù, tí wọ́n á fi yọ̀ǹda fún un kó rìn lọ sí bésì àkọ́kọ́ nínú àwọn ibùdó ìsáré, bóyá bọ́ọ̀lù rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ pápá, bóyá á lọ kan ògiri ìparí pápá lọ́hùn-ún. Àwọn líìgì mìíràn máa ń fi ohun tí èèyàn ti ṣe lọ́dún tó kọjá ṣe káàdì. Àwọn ará Merrill ní àwọn ò jẹ oúnjẹ àná. Ohun tí agbábọ́ọ̀lù máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbé igi rárá. Marlys Tollefson ló sì ń bá wọn ṣírò rẹ̀.

Marlys ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ iléeṣẹ́ iná mànàmáná. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni pé kó sọ bí iná tí ìlú máa jẹ nígbà òtútù yóò ṣe pọ̀ tó, kí òtútù tó dé. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni. Ó máa ń wo ohun tí èèyàn ṣe láti bí ọdún mẹ́ta, ọdún tó sún mọ́ jù ló máa ń gba tirẹ̀ rò jù. Á wá fa ẹni náà sẹ́yìn díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, torí oríire a máa tan èèyàn jẹ. Á wo ọjọ́ orí, torí ẹsẹ̀ náà ń dàgbà. Lẹ́yìn náà ló máa wo ibi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní àwọn ìlú orí òkè, afẹ́fẹ́ fúyẹ́, bọ́ọ̀lù a máa fò ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ kúrò nínú iye ẹni tó bá ń gbá níbẹ̀. Rollie Haskins, tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín kúrò lójú títì, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló sọ ọ́ ní owó-orí òkè. Kò sí ẹni tó tún pè é ní nǹkan míì mọ́.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé ó ti sú Marlys. Rárá o. Lọ́dọọdún ni nǹkan yẹn ń bà á lẹ́rù. Iye lásán ni, lórí tábìlì ìjẹun rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ọbẹ̀ ọ̀dùnkún. Ṣùgbọ́n tó bá ti kó wọn jọ tán, èèyàn ló máa ń rí. Ọkùnrin tí kò fojú kàn rí, tó wà ní ìlú tí kò dé rí, á dìde dúró lórí bébà, á gbé igi lé èjìká, á máa dúró de bọ́ọ̀lù. Marlys á bọ́ jígí rẹ̀ sílẹ̀, á ní, "Olúwa o, ta ni mí tí mo fi ń rí èyí?" Á sì tún gbé bíírò.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ kan dé tí kì í ṣe eré. Duane Kubiak, tó ń sin màlúù lẹ́yìn odò, tó sì ti wà nínú líìgì yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Curtis. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, ó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun fún ẹgbẹ́ kan ní ìlú orí òkè, nínú líìgì tó kù díẹ̀ kó jẹ́ líìgì ńlá. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Wàyí o, ẹgbẹ́ ọ̀hún ní kó fún àwọn lésì kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé: ṣé ó ń bọ̀ ní ibùdó ìgbaradì, àbí kí wọ́n fi àyè rẹ̀ fún ọmọdé? Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń kan òrùlé, ti fi àyè iṣẹ́ kan sílẹ̀ dè é.

Curtis wá pe bàbá rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ bá mi bi Ìyáàfin Tollefson. Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn mi ló ń sọ pé mo lè ṣe é. Iye kò fẹ́ràn mi. Ohun tí iye bá sọ ni màá ṣe."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Marlys ṣe é tán. Duane dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀, yìnyín ń yọ́ lára bàtà rẹ̀. Kò béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Marlys ní, "Duane, kò dára. Kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn." Duane ní ó ṣeun. Ó lọ sílé, ó pe ọmọ rẹ̀, ó sọ fún un bí wọ́n ṣe sọ fún òun. Curtis ní ó dáa, pé lọ́sàn-án ọ̀la lòun máa sọ fún wọn.

Ọjọ́ kejì, Sátidé, ni ọjọ́ tí oníkálukú wọn ń yan agbábọ́ọ̀lù sínú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Àṣà kan sì wà nínú líìgì yẹn: káàdì tuntun kì í wọlé sínú yíyàn àfi bí wọ́n bá da dáìsì fún un lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n wo bó ṣe ń mí. Rollie gbé káàdì Curtis, ó na ọwọ́ sí dáìsì. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, torí gbogbo wọn ti gbọ́.

"Èmi ni màá dà á," Duane wí.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o fẹ́ fìyà jẹ ara rẹ ni?"

"Rollie, gbé dáìsì yẹn fún mi kí n tó da kọfí yìí lé ọ lórí."

Rollie gbé e fún un kíá. Duane dà á, Marlys sì ń ka ohun tí káàdì ní Curtis ṣe. Ó gbá afẹ́fẹ́. Duane mi orí. Ó tún dà á. Wọ́n yọ̀ǹda fún un, ó rìn lọ sí bésì àkọ́kọ́. Ó tún dà á, ó tún rìn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu ọkùnrin náà.

"Ẹ ò rí i! Sùúrù ọmọ yẹn nìyẹn. Láti kékeré ni kì í gbá bọ́ọ̀lù tí kò dára. Ìyá rẹ̀ á máa kígbe pé gbá a, gbá a, á kàn dúró bí òpó." Ó yíjú sí Marlys. "Marlys, o ò rí Curtis rí níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, àbí?"

"Mi ò rí i rí."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ ọ́n báyìí?"

Orí Marlys wú. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, kò sí bàbá kan tó tíì jókòó síwájú rẹ̀ kó máa wo ọmọ bíbí inú rẹ̀ lára páálí.

Duane ń da dáìsì lọ. Bọ́ọ̀lù lọ sókè, wọ́n mú un. Ó tún lọ sókè, wọ́n tún mú un. Ó gbá afẹ́fẹ́. Ó lọ sókè, ó rọra bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ pápá. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Duane. Ó rọra kó dáìsì náà jọ, ó tò wọ́n síwájú ara rẹ̀, kò dà wọ́n mọ́.

"Kì í ṣe Curtis nìyí," ó wí.

"Hẹn-ẹn, Duane," Rollie dáhùn, "gbogbo òbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Màmá mi ṣì gbà pé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni wọn ò fi fi mí jẹ ààrẹ." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, torí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín.

Duane kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò sọ pé kò dára tó. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ó ń gbá afẹ́fẹ́ jù, òun náà nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, òun nìyẹn. Sùúrù rẹ̀ wà níbẹ̀, mo rí i. Ṣùgbọ́n tí igi ọmọ mi bá kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà kì í rọra bọ́ sọ́wọ́ èèyàn bí ẹyin. Ògiri ló ń lọ bá. Ọmọ yẹn fi bọ́ọ̀lù lu ẹ̀gbẹ́ abà mi títí pákó rẹ̀ fi yẹ̀, àwọn màlúù ò fún wa ní wàrà tó dáa nígbà yẹn. Ta lẹ gbé sára káàdì yìí?"

Ojú ń ti àwọn kan bá a. Ṣùgbọ́n ara Marlys ṣe gìrì. Bàbá tí ìfẹ́ bò lójú, gbogbo rẹ̀ ló máa jà fún: á ní ọmọ òun kì í gbá afẹ́fẹ́, á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Èyí gba gbogbo àléébù ọmọ rẹ̀ láìjiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló ṣà jáde, bí èèyàn ṣe ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

"Ẹ dákẹ́ fún mi," ni Marlys wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó fa àwọn bébà rẹ̀ yọ nínú báàgì. Ó wo ìgbà tí Curtis gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú àwọn ẹlòmíràn, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti wúwo. Ó wo tilé, lórí òkè. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Lórí bébà tirẹ̀, bọ́ọ̀lù Curtis ń kan ògiri ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ju bó ṣe ń kan án lórí òkè lọ. Irú kí nìyẹn? Ibo ni wọ́n ti gbọ́ ọ rí pé afẹ́fẹ́ tó wúwo ń gbé bọ́ọ̀lù ju èyí tó fúyẹ́ lọ? Àfi tí ẹnì kan bá ti yọ ti orí òkè jù.

Ó ṣí ìwé ńlá tó ti ń kó iye àwọn líìgì kékeré jáde lọ́dọọdún. Ojú ìwé àkọ́kọ́, tí gbogbo ayé máa ń fò, òun náà ti fò ó. Ó kà á wàyí, ìka rẹ̀ wà lábẹ́ ìlà. Àwọn tó ṣe ìwé náà kọ ọ́ wẹ́wẹ́ síbẹ̀ pé láti ọdún yìí lọ, àwọn ti bá òǹkàwé yọ ti orí òkè kúrò.

"Yéè!" Marlys fọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ gbà mí o, mo gbà á lẹ́ẹ̀mejì!"

"Kí lo gbà?" Duane bi í.

"Owó-orí òkè. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ọmọ rẹ kí ìwé yìí tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi náà jókòó, mo tún gbà á."

Kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àní Rollie pàápàá. Wọ́n kúrò níbi tí wọ́n wà, wọ́n wá dúró yí i ká, ife kọfí lọ́wọ́. Marlys bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò, bíírò rẹ̀ ń dún lórí bébà. Ó dá ohun tó yọ padà. Ó tún gbogbo rẹ̀ kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀, ó mú páálí tuntun, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ káàdì mìíràn. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni ọkùnrin náà dìde dúró lórí bébà níwájú rẹ̀. Èyí tàná ti tẹ èjìká sílẹ̀ díẹ̀. Èyí kò tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù ba Marlys pé ó kù díẹ̀ kó má rí ìyàtọ̀ wọn.

Ó ti káàdì náà sí Duane. Duane da dáìsì. Ó gbá afẹ́fẹ́. Ó tún dà á. Ó rìn lọ sí bésì. Ó tún dà á.

"Ògiri," ni Marlys kà.

Duane fọwọ́ bo ẹnu. Ojú rẹ̀ kún, kò sì nù ún. Lẹ́yìn náà ni aago ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í lu méjìlá lókè orí wọn, ojú ọkùnrin náà yí padà.

"Ọ̀sán ti pọ́n. Ó ti fún wọn lésì."

"Ọ̀sán ta ni?" Rollie pariwo. "Ìwọ ọkùnrin yìí! Aago mọ́kànlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lù lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Òkè tó gba tọmọ rẹ ti dá wákàtí kan padà fún ọ. Dìde ńlẹ̀, lọ gbé fóònù!"

Duane kò lè dìde. Ó ní, "Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún un lánàá. Tí mo bá tún pè é, á ní mo lọ bẹ̀ yín ni." Lóòótọ́ sì ni. Marlys dìde, ó lọ síbi fóònù ara ògiri nínú ilé ìdáná, ó tẹ nọ́ńbà tí Duane ń pè fún un. Bí Curtis ṣe gbé e, Marlys dárúkọ ara rẹ̀ fún un.

"Ìyáàfin Tollefson? Ẹ káàárọ̀ mà."

"Curtis, ṣé o ti pè wọ́n?"

"Mo fẹ́ pè wọ́n báyìí ni mà."

"Má tíì pè wọ́n. Mo ṣe àṣìṣe." Ó ṣàlàyé fún un.

"Ṣé Dádì ló ní kí ẹ tún un ṣe?"

"Bàbá rẹ sọ pé káàdì náà ò jọ ọ́. Kò sọ pé kò dára tó."

Marlys ń gbọ́ tí ọmọkùnrin náà ń mí. Ó wá béèrè pé, "Kí ló wá sọ báyìí mà?"

Ó wu Marlys kó fi oyin sí i. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wù ú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yẹn nìyẹn. Ó ní, "Kò pọ̀ o. Bí o bá tiẹ̀ dé líìgì ńlá, orí bẹ́ǹṣì lo máa jókòó sí. Bí èjìká ẹnì kan bá dùn ún, wọ́n lè pè ọ́, o ò sì ní dójú tì wọ́n. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Tí mo bá da dáìsì ọdún yìí fún ọ léraléra, nínú èyí tó pọ̀ jù, wọn ò ní pè ọ́ rárá."

"Nínú èyí tó kù ńkọ́?"

"Nínú èyí tó kù, o wà níbẹ̀."

Curtis rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀. "Ó tó mi mà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi ti dàrú ni. Ẹ bá mi sọ fún Dádì pé mo ń di ẹrù."

Bí Marlys ṣe sọ ọ́ fún wọn, ariwo ta. Duane nìkan ló jókòó jẹ́ẹ́, tó ń fi àtàǹpàkò nu eruku tí kò sí lára káàdì. Òfin líìgì ni pé kò sẹ́ni tó lè yan ẹbí ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yàn yàn tó ku ẹni tó kẹ́yìn, Rollie gbé káàdì náà, ó ní, "Mo nílò ẹni tó máa bá mi mú bẹ́ǹṣì gbóná." Kò sẹ́ni tó bá a du ú.

Yìnyín yọ́. Wọ́n gé koríko màlúù, ó hù, wọ́n tún gé e. Ẹgbẹ́ Curtis kò pè é sókè sí líìgì ńlá nígbà ìrúwé, wọn ò pè é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Duane kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Marlys, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n bá wá ta dáìsì, á kọ́kọ́ lọ wo bẹ́ǹṣì Rollie, bóyá káàdì náà ṣì wà níbẹ̀. Marlys máa ń rí i, inú rẹ̀ kì í dùn. Ó ń rò ó pé bóyá òun ló gba iṣẹ́ òrùlé lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Àfi bí èjìká ẹnì kan ṣe dùn ún lóòótọ́, nínú oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, tí wọ́n fi pe Curtis.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n gbé rédíò sáàárín tábìlì, káàdì Curtis wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìparí eré ti ń sún mọ́ nígbà tí asọ̀rọ̀ rédíò dárúkọ rẹ̀, ó sì pe Kubiak báṣubàṣu. "Pe orúkọ ọmọ wa dáadáa, ìwọ ọ̀dẹ̀ yìí!" Rollie pariwo mọ́ rédíò. Àwọn tó kù ní kó dákẹ́.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dé, Curtis ò gbá a. Ìkejì dé, ó gbá afẹ́fẹ́. Èrò pápá ń kùn nínú rédíò. Ó tún gbá afẹ́fẹ́. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo kí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Òmíràn dé, ó wò ó kọjá. Òmíràn tún dé, ó tún wò ó kọjá. "Ó dúró bí òpó," ni Rollie wí jẹ́jẹ́, kò sì fi ṣe àwàdà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ìró igi. Marlys kò gbọ́ ọ rí. Gbogbo nǹkan tó mọ̀ nípa ọkùnrin yìí, kò mọ ìró yẹn. Ohùn asọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè, ó ní ó ń lọ o, ó ń lọ, ẹni tó ń ṣọ́ pápá ń sá sẹ́yìn, ó ń sá sẹ́yìn, ó kan ògiri! Ó kan ògiri! Curtis ń sáré pẹ̀lú ẹsẹ̀ wúwo yẹn, ó sì dé bésì kejì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Wọ́n fò sókè, kọfí dà sílẹ̀, wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ra. Marlys ò lè dìde. Ó ń wo káàdì tó wà lórí tábìlì, ìlà tí òun fi ọwọ́ ara òun kọ "ògiri" sí, nígbà tí yìnyín ṣì wà lójú fèrèsé. Ó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé òun kò rí èyí tẹ́lẹ̀. Àwọn Curtis pọ̀ nínú ìṣirò yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà lórí òrùlé ní ọ̀sán yìí, wọ́n ń kan ìṣó. Ìyẹn gan-an ló mú kí ara rẹ̀ bù máṣọ. Nínú gbogbo wọn, èyí ló ń gbọn eruku kúrò ní ṣòkòtò lórí bésì kejì.

Ó wo Duane. Duane kò fò, kò sì pariwo. Ó ti tẹ̀ síwájú, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí rédíò tó ń gbóná náà, bí èèyàn ṣe ń gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí.

"Òun nìyẹn," ó wí. "Curtis nìyẹn."